A o da won pada

Nígbà tí ọkùnrin náà kí Àsíátà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Àsíátà kò mọ̀ bóyá ó kí òun ni tàbí ó bú òun.

Ìdí ìkòkò aró rẹ̀ ló wà, ní àgbàlá wọn ní Kémta. Aró ti dé e ní ìgúnpá. Òjìji kan bọ́ sórí omi aró, ó bá gbójú sókè. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló rí, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò péńpé kákí, tí bàtà kánfáàsì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ ku iṣẹ o," ni ọkùnrin náà wí.

Ohùn rẹ̀ kò gòkè, kò sì wálẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí àpáta. Ṣé "ẹ kú iṣẹ́" ló sọ, bí gbogbo ayé ṣe ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, àbí "ẹ kú ìṣẹ́", bí ẹni tó ń fi òṣì kí èèyàn? Etí Àsíátà ń wá ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà sí. Nígbà tó yá, ó gbé e síbi tó dáa, nítorí kò rò pé ẹnikẹ́ni lè rìn wá sídìí aró òun láàárọ̀ kùtù kìkì láti wá bú òun.

"Ẹ ṣeun o, ẹ káàárọ̀. Kí lẹ fẹ́ ká bá yín ṣe?"

"Aṣọ mejila. Fun awọn ọmọ ti mo fẹ mu lọ si omi. Ki o du gan-an."

Ìgbà náà ni Àsíátà tó mọ ẹni tí ó jẹ́. Òun ni Ọ̀gbẹ́ni Theophilus tí àwọn ọmọ lẹ́sìnnì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn nítorí rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ọlidé August ọdún 1985 ni. Misis Beatrice, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ọlidé ládùúgbò, ló kéde pé ọkùnrin kan yóò mú ọmọ méjìlá lọ sí omi tuntun tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dí odò láti fi ṣe ní ìkọjá Ọ̀dẹ̀dá, fún Ọjọ́ Ìgbádùn. Wọn yóò fi gíláàsì bojú, wọn yóò ki ọ̀pá rọ́bà bọ ẹnu láti máa fi mí, wọn yóò dojú bo omi, wọn yóò sì máa wo ẹja níbi tó ń ṣeré. Lẹ́yìn náà, wọn yóò so ìgbànú mọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan nídìí, wọn yóò fi kọ́ okùn irin tó lọ láti orí àpáta kan dé orí èkejì, ọmọ yóò sì máa yọ̀ lọ lókè omi bí ẹyẹ. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Sẹ̀gilọlá, ọmọ Àsíátà, wà nínú àwọn méjìlá náà.

"Kí ló dé tí ẹ fẹ́ kó dú tó bẹ́ẹ̀?" ni Àsíátà béèrè. "Aṣọ tó mọ́ lójú ni wọ́n fi ń rí ọmọ nínú omi."

"A o ri wọn," ni ọkùnrin náà wí.

Ó na ọwọ́ sí aṣọ tútù kan tó so rọ̀ lórí okùn, ó fún un, omi aró sì ṣàn gba àárín ìka rẹ̀. Nígbà tó ṣí ọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ roro. Àsíátà wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí aró kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ọkùnrin náà ti ń lọ. Ojú ibi tó dúró sí lórí òkúta rin gbindin, àmì bàtà méjì tó tutù, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn. Òórùn ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ àmù ló kù síbẹ̀.

"O rí ọkùnrin yẹn, Ìyá Bùsí?" ni ó bi Kùdírátù, tí wọ́n jọ ń pa aró ní àgbàlá kan náà, tí ọmọ rẹ̀, Bùsírátù, jẹ́ ọ̀rẹ́ Sẹ̀gilọlá. "Ohùn ẹ̀ ò ṣe bí ohùn èèyàn."

"Ìlú òyìnbó ló ti dàgbà," ni Kùdírátù fèsì, kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára aṣọ àdìrẹ tó ń fi ìyẹ́ adìẹ kun ẹ̀kọ. "Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún nìyẹn. Ṣé o ò gbọ́ bí ọmọ Alhaji Sàlàhúdíìnì ṣe ń ṣe nígbà tó ti London dé?"

"Ìyẹn ń ṣi ohùn lò. Eléyìí ò tiẹ̀ ní in."

"Ṣé o fẹ́ kó máa kọrin fún ẹ ni?" Kùdírátù pòṣé. "Ìyá Sẹ̀gi, ìwọ nìkan kọ́ lo bímọ o. Bó bá ṣe é ṣe, wàá gbé ọmọ yẹn sínú ìkòkò aró, wàá sì fi ọmọrí dé e."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò nílé Láwàlì kó tó rí Sẹ̀gilọlá bí, kò sì rí òmíràn bí lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo Kémta ló mọ̀, Kùdírátù sì mọ̀ jù gbogbo wọn lọ.

Ó ṣe iṣẹ́ náà. Ó kọ́kọ́ rò pé òun yóò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n bí òun bá kọ̀ ọ́, Kùdírátù yóò gbà á, aṣọ náà yóò ṣáà dé ara àwọn ọmọ. Ó rẹ aṣọ méjèèjìlá lẹ́ẹ̀mẹfà, ó ń rẹ ẹ́, ó ń sá a, títí ó fi dú débi pé ó ń dán bí ìyẹ́ ẹyẹ agbe tó wà nínú òjìji. Ó ṣì ń ronú nípa àtẹ́lẹwọ́ tó mọ́ roro yẹn.

Ìwé kan wá láti lẹ́sìnnì, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tó to ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú dání. Aṣọ aró kan. Ṣòkòtò péńpé kan. Oúnjẹ àárọ̀. Omi mímu, ìgò kan. Àsíátà ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Kò sí táwẹ́lì níbẹ̀. Kò sí aṣọ ìpààrọ̀. Kò sí oúnjẹ ọ̀sán. Ìdí omi ló ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó mọ̀ pé ẹni tó bá wọ omi yóò jáde, ẹni tó bá jáde ni ó sì ń wá ohun gbígbẹ. Ohun gbogbo tó wà nínú ìwé náà jẹ́ ti àlọ. Kò sí ohun kan tí ó jẹ́ ti àbọ̀.

Ó lọ bá Misis Beatrice. Nígbà tó dé lẹ́sìnnì, àwọn ọmọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbaradì. Wọ́n to ọpọ́n omi mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta sì kúnlẹ̀ tì wọ́n, wọ́n fi gíláàsì bojú, ọ̀pá rọ́bà wà lẹ́nu wọn, wọ́n dojú bo omi. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus dúró lẹ́yìn wọn, ó káwọ́ sẹ́yìn. Sẹ̀gilọlá wà ní ọpọ́n àárín. Àwọn méjì tó kù gbójú sókè, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Sẹ̀gilọlá kò gbójú. Àsíátà kà dé ogún, ó kà dé ogójì, ó bá fi eré gé e, ó fa ọmọ rẹ̀ dìde.

"Màámi! Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe?" Ojú ti Sẹ̀gilọlá. Omi ń ro lágbọ̀n rẹ̀. "Ọ̀pá wà lẹ́nu mi. Mò ń mí!"

"Kí lò ń wò nínú ọpọ́n láti àárọ̀?"

"Mi ò wo nǹkan kan, mò ń gbọ́ ni." Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn díẹ̀ láti sọ ọ́. "Bẹ́ẹ bá dojú bò ó, ẹ ó gbọ́ àwọn èèyàn tó ń gún nǹkan nínú odó. Agogo ilé-ìwé sì ń lù."

Àsíátà gbójú sókè. Ó wo Ọ̀gbẹ́ni Theophilus. Ọkùnrin náà ń wo ọmọ náà, ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n ń ka ìwé rere sí létí.

"Omi ló máa ń hó létí bẹ́ẹ̀, Ìyá Sẹ̀gilọlá," ni Misis Beatrice wí, ó sì ti ń rìn bọ̀ pẹ̀lú igi ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. "Ẹ má fi ìbẹ̀rù yín kó bá àwọn ọmọ."

"Misis, táwẹ́lì ńkọ́? Aṣọ tí wọ́n máa pààrọ̀ ńkọ́?"

"Oòrùn á gbẹ wọ́n."

"Okùn irin yẹn ńkọ́?" Àsíátà nawọ́ sí pátákó dúdú. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus ti fi ṣọ́ọ̀kì ya àpáta kan sí i, ó ya ọmọ tó so rọ̀ lórí okùn, okùn náà sì dà gẹ̀rẹ̀ láti orí àpáta sísàlẹ̀, títí ó fi kan ìlà omi, ó sì pin síbẹ̀. "Àpáta kejì dà?"

"Ó gbàgbé láti yà á ni! Ẹ̀yin obìnrin aláró yìí," ni Misis Beatrice wí, àwọn ọmọ sì bú sẹ́rìn-ín. Sẹ̀gilọlá nìkan ni kò rín in. Ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìjà ti wọ ilé. Sẹ̀gilọlá kì í dáhùn títí wọn yóò fi pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá jẹun tán, á gbé àwo sílẹ̀ gbàgà. Láwàlì wà ní Kàdúná níbi tó ti ń ṣòwò, ó sì ti kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun lọ wo nǹkan tí òun kò rí wò léwe. Ẹnu Àsíátà nìkan ló kù tí ó lè sọ pé rárá, kò sì rí ìdí kan tí ó lè sọ síta tí kò ní dà bí ẹ̀rín.

Ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, wọ́n mú ìwé tí òbí yóò fọwọ́ sí wá. Àsíátà kà á lójú kan náà tí ó fi máa ń ka ìwé gbogbo, ó mú bírò, ó fọwọ́ sí i. Kò rí aburú kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun mọ̀gàríbì, Sẹ̀gilọlá jókòó tì í pẹ̀lú ìwé náà àti pẹ́ńsùlù. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò wá súnmọ́ ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan.

"Màámi, ẹ gbà mí. Wọ́n fún wa níṣẹ́ ilé ní lẹ́sìnnì pé ká mú ìwé kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, ká fi àmì ohùn sí i. Èyí ni mo mú. Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán, ibì kan ló kù."

"Ibo nìyẹn?"

Ọmọ náà fi pẹ́ńsùlù tọ́ka. Gbogbo ìlà ìwé náà ti kún fún àmì, àfi ìlà ìsàlẹ̀, lókè ibi tí Àsíátà fọwọ́ sí. Ibẹ̀ ṣì wà bí ẹ̀rọ ṣe tẹ̀ ẹ́:

A o da won pada ni irole.

"'O' yìí ni kò yé mi. Bí mo bá fi àmì òkè sí i, 'a ó dá wọn padà' nìyẹn. Bí mo bá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i…" Sẹ̀gilọlá kà á, ó ń rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé eré ni. "'A ò dá wọn padà ní ìrọ̀lẹ́.' Èwo ni kí n fi síbẹ̀?"

Àsíátà na ọwọ́. Ó gba ìwé náà, ó gbé e súnmọ́ iná. Láti ìgbà tó ti fọwọ́ sí i, ohùn ara rẹ̀ ló ń gbọ́ nínú ìwé yẹn, kì í ṣe ohùn ẹni tó kọ ọ́. Ó wá gbìyànjú láti fi ohùn Ọ̀gbẹ́ni Theophilus kà á. Ohùn náà kò gòkè, kò sì wálẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tí wọ́n jọ dúró nídìí aró. "A o ri wọn." Ó ti gbọ́ ọ pé wọn yóò rí wọn. Ó tún un sọ nínú ara rẹ̀, ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan wálẹ̀, kí èkejì gòkè: a ó rì wọ́n.

"Màámi, èwo ni?"

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni ó wí.

Ilẹ̀ Sátidé mọ́. Kì í ṣe Sátidé ìgbálẹ̀ tí ìjọba kì í jẹ́ kí èèyàn jáde, nítorí náà èèyàn ti pọ̀ ní títì kí aago méje tó lù. Bọ́ọ̀sì kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí dúró níwájú lẹ́sìnnì. Àwọn ọmọ ti wọ aṣọ aró wọn, gbogbo wọn dúdú kirikiri, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń kọrin. Àwọn ìyá dúró, wọ́n ń ki àkàrà bọ ọmọ lẹ́nu. Àsíátà mú Sẹ̀gilọlá lọ́wọ́, ó sì ti pinnu pé òun kò ní pariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun yóò bi í. Bó bá dáhùn ún dáadáa, kí ọmọ máa lọ.

Ó bá Ọ̀gbẹ́ni Theophilus lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ máa dá wọn padà, àbí ẹ ò ní dá wọn padà?"

"Bẹẹ ni," ni ọkùnrin náà wí.

Àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín. Kùdírátù pàtẹ́wọ́. "Ẹ ẹ̀ rí i, ó ti dáhùn! Jẹ́ kí ọmọ wọlé."

"Èwo ni bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ dárí jì mí, etí mi ló dí. Ẹ sọ ọ́ tán."

"A o da wọn pada."

"Rárá o, sà." Àsíátà dìde. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. "Ẹ má sọ 'a o'. Ẹ sọ pé 'a máa'. 'A máa dá wọn padà.' Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọmọ ọdún méjì lè sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ọkùnrin náà wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò wò ó lójú, Àsíátà sì rí i pé kò tíì ṣẹ́jú láti ìgbà tí òun ti dé ibẹ̀. Ó la ẹnu. Ètè rẹ̀ so pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ pe 'máa', ó sì dúró bẹ́ẹ̀, ó pẹ́, omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì yọ ní igun ẹnu rẹ̀, ó ṣàn sí àgbọ̀n.

"A o da wọn pada," ni ó wí.

"A máa!"

"A o da wọn pada."

"Ìyá Sẹ̀gilọlá, ó ti tó!" ni Misis Beatrice kígbe. "Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ọkùnrin ní Yorùbá lójú títì ni?"

Àsíátà fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Sẹ̀gilọlá di ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì mú, ó ń ké, ìyá rẹ̀ sì ń yọ ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yíjú sí àwọn ìyá tó kù. Ó sọ fún wọn ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fetí sí ohùn ọkùnrin náà. Wọ́n wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tó bọ́ aṣọ sílẹ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ní àìrọ́mọbí ti kó sí i lórí. Òmíràn ní kó yáa lọ bímọ mìíràn kí ó yé fi ọ̀kan ṣoṣo da àdúgbò láàmú. Olúkúlùkù wọn ti gbọ́ èyí tó wù ú.

Bọ́ọ̀sì lọ pẹ̀lú ọmọ mọ́kànlá. Bùsírátù yọ orí lójú fèrèsé, ó ju ọwọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mo kórìíra yín," ni Sẹ̀gilọlá wí fún ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n délé. Kò sunkún mọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ sì gòkè níbi tó yẹ kó gòkè, ó wálẹ̀ níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Àsíátà gbọ́ ọ, ó dùn ún dé egungun, síbẹ̀ ó dúpẹ́ pé òun mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ.

Ní ọ̀sán, Bàbá Àkànní gbé èlú dé. Àgbẹ̀ ni, ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá ló ti máa ń gbé ewé èlú gígún wá fún àwọn aláró. Ó rí i pé ojú Àsíátà wú, ó béèrè ohun tó dé, Àsíátà sì sọ fún un.

"Okùn, láti orí àpáta dé àpáta?" ni bàbá náà wí. "Ní ibi omi tuntun yẹn? Ọmọ mi, àpáta kan ló kù níbẹ̀. Méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Èkejì wà nísàlẹ̀ omi báyìí, pẹ̀lú abúlé wa, Ìdí-Ìyeyè." Ó sọ ẹrù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Orúkọ tí o pe ọkùnrin náà ńkọ́?"

"Theophilus."

Bàbá Àkànní gbé ọwọ́ lé orí. Ó yọ fìlà rẹ̀, ó tún un dé.

"Tísà wa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ni ó wí níkẹyìn. "Tísà ilé-ìwé Ìdí-Ìyeyè. Nígbà tí ìjọba ní kí a kó jáde, gbogbo wa kó. Òun kọ̀. Ó ní wọn yóò rí i pé ilé-ìwé kì í kú bí tísà bá wà níbẹ̀. Omi dé ní òru ọjọ́ Tọ́sìdé, a ò rí i mọ́. Èèyàn rere ni o, ṣùgbọ́n ó le. Bí ọmọ bá kọ ọ̀rọ̀ tí kò fi àmì sí i, ó máa ń nà án ní pàṣán. Ó ní ọ̀rọ̀ tí kò bá ní ohùn ti kú."

"Ilé-ìwé yẹn ńkọ́, bàbá? Kí ló kù nínú ẹ̀?"

"Kí ni ì bá kù? Bẹ́ǹṣì. Kò kúkú sí ọmọ níbẹ̀."

Àsíátà kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré bá Kùdírátù lẹ́yìn ilé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ wá ọkọ̀ ní gáréèjì Láfẹ́nwá, kí wọ́n lé bọ́ọ̀sì náà bá. Kùdírátù gbọ́ ọ dé ìparí. Ìbẹ̀rù wọ inú rẹ̀, Àsíátà sì rí i bí ó ṣe wọlé. Lẹ́yìn náà ni ìbẹ̀rù yẹn di ìbínú.

"Má fi ẹnu burúkú rẹ kan ọmọ mi!" Ó gbé korobá omi aró tó wà nílẹ̀, ó dà á lù ú láti orí dé àyà. "O ti tọ́jú tìrẹ, o wá ń fi ikú pe tèmi! Tí ohunkóhun bá ṣe Bùsí, ìwọ ló pè é!"

Àwọn obìnrin àgbàlá là wọ́n. Kò sí ẹnikẹ́ni tó lọ sí Láfẹ́nwá. Àsíátà nìkan ló lọ, pẹ̀lú aró tó ń kán nírun rẹ̀, gbogbo awakọ̀ tó bá sì súnmọ́ ló ń gbé fèrèsé sókè.

Aago mẹ́fà kù díẹ̀ nígbà tó rìn dé Kémta padà. Ó gbọ́ ariwo láti òkèèrè, ó rò pé ẹkún ni. Ayọ̀ ni. Bọ́ọ̀sì ti dé. Àwọn ọmọ ń sọ̀ kalẹ̀, àwọn ìyá ń kà wọ́n, wọ́n pé mọ́kànlá, kò sí ẹyọ kan tó dín.

"Abiyamọ kan ṣoṣo!" ni Kùdírátù kí i láàárín èrò, ó ti fa Bùsírátù mọ́ra. "Ẹ wá wò ó o, ẹni tó ní wọn ò ní dá wọn padà! Wọn ò dá wọn padà ni? Kí ni mo dì mú yìí?"

Ẹ̀rín pa àwọn èèyàn. Misis Beatrice ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus kò sí lára wọn. Àsíátà kò ka ẹ̀rín náà sí. Ọpẹ́ kún ẹnu rẹ̀, ó ti fẹ́ kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wọn, ni ojú rẹ̀ bá lọ sí ara aṣọ àwọn ọmọ.

Funfun ni wọ́n. Aṣọ tí òun rẹ lẹ́ẹ̀mẹfà, tí ọdún mẹ́wàá ní ìdí ọṣẹ kò lè sọ di funfun, ti funfun báláú bí ọjọ́ tí wọ́n gbé e láti ọjà. Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n gbẹ. Irun wọn gbẹ, ẹsẹ̀ wọn gbẹ, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n dúró sí lórí títì tutù yí wọn ká.

"Bùsí mi, kí ìyá rẹ, kí ayé gbọ́," ni Kùdírátù wí.

"Iya mi," ni Bùsírátù wí. "Ẹ kaalẹ."

Ohùn rẹ̀ kò gòkè, kò sì wálẹ̀. Ó lè jẹ́ ìyá ni ó pè. Ó lè jẹ́ ìyà. Kùdírátù gbá a mọ́ra, ó ń sunkún ayọ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, àwọn ọmọ ń kí ìyá wọn, ohùn mọ́kànlá tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ohùn kan ṣoṣo, ìyá kọ̀ọ̀kan sì ń dáhùn bí ẹni tí wọ́n kí dáadáa.

Àsíátà jáde láàárín èrò. Ó yí padà, ó sáré wọlé.

Sẹ̀gilọlá jókòó lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ó fi í sí, ó fi ọwọ́ lérán. Ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́ mú, ó fẹ́ fà á wọ inú yàrá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ti dún lẹ́yìn wọn lórí òkúta àgbàlá, ó ń rin omi. Bùsírátù ló dúró nítòsí ìkòkò aró, nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìṣẹ́jú.

"Ṣó dùn?" ni Sẹ̀gilọlá bi í, omijé ti yọ lójú rẹ̀. "Ṣé ẹ fò?"

"Aaye rẹ ṣofo lori bẹnṣi," ni Bùsírátù wí. "Sẹgi, a o pada wa mu ẹ."

Lẹ́yìn náà ni ó yí ẹ̀yìn, ó sì ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń pè é.

Àsíátà di ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, aró tútù láti ara rẹ̀ ń yí aṣọ ọmọ náà. Ó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ara rẹ̀, ó ń gbé e sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀. Láàárọ̀, ó bẹ̀ kí ohùn náà gòkè. Ní báyìí, gbogbo ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí ó wálẹ̀: a ò padà wá mú ẹ, a ò padà wá mú ẹ.

Ó gbé ojú ọmọ rẹ̀ sókè láti wò ó. Sẹ̀gilọlá ń rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ èyí tó wù ú.